Ìwé Tó Ń Dúró De Ìdáhùn Ọmọ

Bí ọmọ ọdún 13 sí 19 bá wà nínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ké sí i kó wá jókòó tì yín, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo gbé wá sórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ òní.

Ọmọ ọdún 14 ni mí, ní ilé ìwé girama kan tí a ti ń gbé inú ọgbà, nígbà tí ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ tí kò ní ìparí. Ta Ló Pa Ọmọọba? ni orúkọ rẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé ló kọ ọ́, ọdún 1971 ló jáde. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà ti fà ya, àwọn ojú ewé tó gbẹ̀yìn sì ti bá a lọ. Bóyá eku ló jẹ ẹ́, bóyá ẹnì kan ló fi wé ẹ̀pà tà, kò sẹ́ni tó mọ̀. A tó mẹ́sàn-án tí à ń pín in kà. Bó bá kàn ọ́ lálẹ́, o gbọ́dọ̀ dá a padà kí agogo òwúrọ̀ tó lù. Abẹ́ aṣọ ìbora ni mo ti ka tèmi, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, òógùn lára. Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé ti já, mo ṣí ewé, òfìfo ni mo bá. Ó dùn mí débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ kejì, nídìí ẹ̀rọ omi tí a ti ń fọ aṣọ, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Oníkálukú ló ní ẹni tó fura sí, oníkálukú ló sì ní ìdí. Èmi náà ní ẹni tí mo tọ́ka sí. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà lálẹ́ òní nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ka ìwé náà, mi ò fẹ́ gba adùn rẹ̀ lẹ́nu yín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe é. À ń jà á dé ilé oúnjẹ, à ń jà á dé orí pápá. Ìjà gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín àwọn méjì tí wọn kì í tilẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìdánwò kì í dùn mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní ohunkóhun. Òun ló dákẹ́ títí a fi pariwo tán lọ́jọ́ náà. Ó wá gba ìwé lọ́wọ́ wa, ó ṣí i padà sí apá ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ gbólóhùn kan tí gbogbo wa ti kà kọjá. Ó ní, “Ẹ ò rí ohun tí ẹni yìí sọ níbí? Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n?” A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ní kó lọ ka ìwé ìṣirò rẹ̀.

Nígbà tí a gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo lọ kí àbúrò ìyá mi, olùkọ́ ni. Mo rí ìwé náà lórí pẹpẹ ìwé rẹ̀, odindi, ewé kan kò já. Mi ò jókòó. Lórí ìdúró ni mo ti ka ojú ewé tó kù. Ọmọkùnrin tó máa ń dákẹ́ yẹn ló gbà á. A wọlé padà, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá wa, ìbáà jẹ́ ṣíbí tó sọnù, tí a kì í kọ́kọ́ bi í pé, “Ìwọ, kí lo rí sí i?”

Mo ti di àgbà báyìí, mo sì ti ka ìwé oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún mẹ́ta ló ti fi jókòó ní kíláàsì tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní ojú inú. Ìwé tí eku jẹ ló fi í hàn wá. Ìwé ìtàn púpọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ: wọ́n ń gbà á níyànjú, wọ́n ń kìlọ̀ fún un, wọ́n ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní tirẹ̀ ń bi í léèrè, ó sì ń dúró kó dáhùn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, òun náà sì ni mo fẹ́ fi yé yín lálẹ́ yìí.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwọn bàbá wa ti mọ adùn yìí tipẹ́. Kí àlọ́ onítàn tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òṣùpá, àlọ́ apamọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń la ọmọ lọ́pọlọ. “Awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́. Kí ni o?” Ọmọ á wo òkè, á wo ilẹ̀, á ní àtàrí ni, á ní omi ni. Ahọ́n ni. Ẹ wo bí àlọ́ yẹn ti gbọ́n tó: ẹnu ẹni tí à ń bi léèrè gan-an ni ìdáhùn wà, òun náà ló sì fi ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Bí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dára ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó gbé ìdáhùn sí gbangba, síbi tí ojú rẹ ti kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ní 1929, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, tí òun náà ń kọ irú ìwé yìí, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọdọ̀ rí àmì kankan kó fi pamọ́ fún òǹkàwé. Ẹni tó ń pa àlọ́ fún ọmọ ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Kétu ti mọ òfin yẹn kí Knox tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá pa àlọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú àlọ́ náà, àwọn ọmọ á ní o rẹ́ àwọn jẹ, wọn ò sì ní gbè é fún ọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ máa ń dàgbà kúrò nídìí àlọ́. Tó bá ti wọ ọdún 13, ojú á máa tì í láti jókòó sáàárín àwọn àbúrò rẹ̀ kó máa dáhùn pé “àlọ̀.” Ọpọlọ tí a ti fi àlọ́ là yẹn kò ní sùn nítorí pé ojú ń ti ẹni tó ni í. Ó ń wá ibòmíràn tí wọ́n á ti bi í léèrè tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Mo fẹ́ mú yín dé ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, torí ibẹ̀ ni ìwé irú èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ fún àwọn ọmọ ti jáde, ní 1929. Erich Kästner ló kọ ọ́. Emil und die Detektive ló pè é, ìyẹn Emil àti Àwọn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Opó tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin ni ìyá Emil. Ó fún ọmọ rẹ̀ ní owó máàkì 140, kó gbé 120 nínú rẹ̀ lọ fún ìyá ìyá rẹ̀ ní Berlin. Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ mi, ẹ mọ bí owó opó ti rí, ẹ mọ iye ojúmọ́ tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀rù ń ba ọmọ náà kí owó má bọ́. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń so owó mọ́ ìdí ìró, bẹ́ẹ̀ ni Emil yọ abẹ́rẹ́ aláṣọ kan, ó fi gún owó náà mọ́ àpò inú kóòtù rẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà líle jókòó síbẹ̀, ó ti fún un ní ṣokoléètì. Emil sùn lọ. Nígbà tó jí, owó ti lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ ọdún 13 lára. Emil kò lè lọ bá ọlọ́pàá. Kí ló dé? Nítorí pé nílùú rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi àwọ̀ kun ojú ère ọlọ́lá kan láàárín ìlú, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á mú òun náà. Ọmọ wo ni kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan lábẹ́ aṣọ, tí kò jẹ́ kó lè sọ ẹ̀dùn ńlá rẹ̀ fún àgbà? Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lọ́kàn díẹ̀. Àìmọye ọmọ ló ń jẹ̀yà lábẹ́ òrùlé wa báyìí tí kò lè lanu, torí pé tí ó bá sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, àṣírí ibi tó wà lọ́jọ́ náà á tú.

Emil bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń tọ ọkùnrin náà lẹ́yìn. Ó pàdé ọmọ Berlin kan tó ní fèrè mọ́tò lọ́wọ́, ìyẹn pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ fún ara wọn. Wọ́n fi ọmọ kékeré kan sílé nídìí tẹlifóònù pé kó má kúrò níbẹ̀, kó máa gba iṣẹ́ kó sì máa jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí kò ní ògo nìyẹn, kò rí eré kankan, síbẹ̀ kò kúrò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọ̀wọ́ ọmọdé ti tẹ̀ lé olè yìí títí dé ilé ìfowópamọ́. Olè ní owó òun ni. Ta ni wọ́n á gbà gbọ́, àgbà tó wọ kóòtù tàbí ọmọ? Emil ní kí akọ̀wé báńkì wo owó náà dáadáa, ihò abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n wò ó. Ihò wà níbẹ̀.

Ihò abẹ́rẹ́! Ohun tí Kästner ti fi hàn wá láti inú ọkọ̀ ojú irin, tí a rò pé ìṣọ́ra ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lásán ni. Mo ti ka ìwé yìí fún àwọn ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fò sókè. Ọmọ kan máa ń wà tó ti rí i ṣáájú. Ojú rẹ̀ á máa dán, á fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà sọ ọ́ kí àwọn yòókù tó gbọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1933, àwọn Násì kó ìwé àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n kórìíra jọ sí gbàgede ní Berlin, wọ́n sun wọ́n níná. Ìwé Kästner wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró láàárín èrò, ó ń wò ó bó ti ń jó. Ṣùgbọ́n ìwé Emil nìkan ni wọn ò sun, torí pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn.

Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ orí yìí gan-an ni irú ìwé yìí máa ń mú ọmọ lọ́kàn jù? Èrò tèmi rèé. Ọmọ ọdún mẹ́fà, bí bàbá bá ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ àgbà, á sáré jáde lọ ṣeré. Ọmọ ọdún 14 á jáde, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ní bá a jáde. Ó ti ń ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun kì í yà sílé mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀. Ó rí i pé owó ilé ìwé pẹ́ kó tó jáde lọ́dún yìí, síbẹ̀ màmá ń rẹ́rìn-ín lójú àlejò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Ilé tirẹ̀ gan-an ti di ìwé tí ojú ewé kan ti ya nínú rẹ̀. Kò sì lè bi wá léèrè tààrà, torí àṣà wa kò fara mọ́ ọn kí ọmọ máa fi ọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò. Inú ìwé nìkan ló ti lè tẹ̀ lé àgbà kiri, kó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹnu, kó rí ibi tó ti purọ́, kó sì dúró tì í títí yóò fi jẹ́wọ́.

Ọjọ́ orí yìí náà sì ni ìrẹ́jẹ máa ń ro ènìyàn lára jù. Àwa àgbà ti gbà pé ayé kò tọ́, a ti ń yà fún un. Ọmọ ọdún 15 kò tíì gbà. Ó fẹ́ kí wọ́n mú ẹni tó ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tètè rí èyí. Ní 1930, Edward Stratemeyer, tó ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé àwọn ọmọ, gbé Nancy Drew jáde, ọmọbìnrin ọdún 16 tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń tú àṣírí tí àwọn àgbà kò rí ìdí rẹ̀. Carolyn Keene ni orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Akọ̀ròyìn obìnrin kan tó ń jẹ́ Mildred Wirt ló kọ àwọn àkọ́kọ́, dọ́là 125 ni wọ́n ń san fún un lórí ìwé kan, wọ́n sì ní kó má dárúkọ ara rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, Sandra Day O'Connor, Ruth Bader Ginsburg àti Sonia Sotomayor, gbogbo wọn ló sọ pé àwọn ka Nancy Drew nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Mi ò sọ pé ìwé ló sọ wọ́n di adájọ́ o. Mo kàn ń wò ó pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lọ́mọbìnrin tí ẹnì kan bi léèrè pé, “Ta lo rò pé ó jẹ̀bi?”

Ó wá kan tiwa. Ní 1938, Fágúnwà ti fún wa ní ọdẹ tó wọ igbó irúnmọlẹ̀. Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí ní 1929, mú ọdẹ yẹn kúrò nínú igbó, ó gbé e wá sí ojú títì. Àjà Ló Lẹrù ni ìwé náà, Lápàdé sì ni ọdẹ tuntun. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí ẹbọra. Ọ̀daràn tó wọ aṣọ bí tèmi tìrẹ ni ẹran tí ó ń dọdẹ rẹ̀. Ní 1971, Lápàdé tún padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn. Ipasẹ̀ ni ọdẹ àtijọ́ ń tọ̀, ipasẹ̀ náà ni Lápàdé ń tọ̀. Nítorí náà, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò bá wa lójijì. A kàn pààrọ̀ igbó ni.

Ohun kan wà nípa Lápàdé tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fetí sí. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ni. Kò wọ aṣọ ìjọba mọ́, kò sí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sì í fẹ́ rí i nítòsí. Ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti Táfà Ìgíripá tó ń bá a rìn ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ọmọ ọdún 15 ṣe rí láwùjọ wa nìyẹn. Kò ní àṣẹ, kò ní owó, wọ́n ń lé e kúrò nídìí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ojú. Ọmọ tó bá ka Lápàdé á mọ̀ ọ́n lára kíá.

Akínlàdé tí mo fi ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Òkédìjí máa ń fi àwàdà, òwe àti èébú tó dùn gbọ́ mú ọ rìn. Akínlàdé fẹ́ràn kó to ẹ̀rí sílẹ̀ bí ẹní to iṣu sórí àtẹ. Ní 1971 kan náà ló tún gbé Ọwọ́ Tẹ Amòòkùnṣìkà jáde, ó kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ìwé rẹ̀ tí a kà nílé ìwé yẹn, ìbéèrè ni. Kí o tó ṣí ewé kan ló ti bi ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń kọminú pé ìwé tó kún fún olè àti apànìyàn á kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ibi. Mo gbọ́ yín, ẹ̀rù ọmọ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọmọ ń bá rìn nínú ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ń tọ olè lẹ́yìn ni. A máa ń sọ pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Fídíò ojú fóònù tó ń fi ọ̀dọ́ hàn tó ń fọ́n owó jìbìtì ká lóde àríyá, tí kò sẹ́ni tó bi í ní orísun rẹ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ fún ọmọ kékeré. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn òmìnira mọ James Hadley Chase, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi àwòrán ilẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ ẹnà kọ ìtàn Amẹ́ríkà. Àwa náà ka ohun tí kò yẹ kí á kà nínú rẹ̀. Ní 1977, ilé iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Pacesetters fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, Agbo Areo ló sì kọ àkọ́kọ́, Director! Ìlú tí a mọ̀, orúkọ tí a mọ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́ Chase. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ohun tí ọmọ ń kà, ẹ kọ́kọ́ kà á. Bí ẹ bá ti kà á, ẹ̀yin méjèèjì ti ní ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn.

Mo tún ní ìdí kan tí mo fi fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ ti Yorùbá. Àwọn ọmọ wa ń fi Yorùbá ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù láìsí àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà kankan. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n rí ìwé pélébé kan lẹ́bàá òkú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, láìsí àmì: “Mo ri oko re.” Kí ni ẹni náà rí? Ọkọ rẹ ni, ẹni tó fẹ́ ọ sílé? Ọkọ̀ rẹ ni, tí o gbé sẹ́bàá ọ̀nà? Ọkọ́ rẹ ni, tí o fi ń kọ ebè? Ọ̀kọ̀ rẹ ni, tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣóró? Àbí oko rẹ ni, tí ènìyàn lè sápamọ́ sí? Afurasí márùn-ún nínú ọ̀rọ̀ kan! Mo ti bi àwọn ọmọ kíláàsì kejì girama ní ìbéèrè yìí rí. Fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ń jiyàn lórí àmì ohùn, àwọn tí wọ́n ti ní Yorùbá kíkọ le jù. Olùkọ́ kò bẹ̀ wọ́n. Òkú tí kò sí níbẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n.

Àwọn ìwé wọ̀nyí ò tíì parun. Àwọn kan wà nídìí àpótí bàbá àgbà, ikán ń bọ̀ wá bá wọn. Àwọn mìíràn wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, bí ẹ bá ń fi ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́ ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ kọ àkópọ̀ ìtàn sójú pátákó. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti pa àlọ́, ẹ sì ti já a fún wọn kí wọ́n tó ronú. Ẹ kà á dé ibi tó ti dùn jù, kí ẹ pa ìwé dé. Kí ẹ wá bi ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá, èyí tí kì í dá sí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní àṣálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀. Orí kan péré. Ẹ kà á sókè, kí fóònù gbogbo wà nínú yàrá kejì. Nígbà tí ẹ bá pa ìwé dé, ẹ bi wọ́n pé, “Ta lẹ rò pé ó ṣe é?” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ṣe é, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ.